Ẹkún Kì Í San Gbèsè

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa Kristẹni tó ti gbilẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tó ti wá mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ni pé ẹni tó bá ronú pìwà dà ní tòótọ́, ẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, a ó ní kò tíì mọ ohun tó ṣe. Bó bá ń sunkún, a ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ti bà á. Ẹ yà sí ìsìn àìsùn lóru ọjọ́ Ẹtì, láti Fádéyì títí dé Bàrígà, ẹ ó rí àgbàlagbà tó na gbalaja sórí símẹ́ńtì, tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yóò tún jẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ará á máa mi orí, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí bàbá yìí ṣe bẹ̀rù Ọlọ́run.

Mo ní irọ́ ni. Àìgbàgbọ́ ni bàbá yẹn ń ṣe, bó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun báláú.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gbé Bíbélì rẹ̀ wá, ká jọ kà á. Dáfídì gba ìyàwó oníyàwó, ó sì dọ́gbọ́n pa ọkọ rẹ̀ sójú ogun. Wòlíì Nátánì wọlé tọ̀ ọ́, ó fi òwe mú un. Ọmọ tí obìnrin náà bí wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Dáfídì gbààwẹ̀, ó ń sùn sórí ilẹ̀ lásán, àwọn àgbààgbà ilé bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Lọ́jọ́ keje, ọmọ kú. Àwọn ìránṣẹ́ ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe tó bá gbọ́. Ọba gbọ́, ó sì dìde. Ó wẹ̀, ó fi òróró para, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ sínú ilé Ọlọ́run lọ jọ́sìn. Ìgbà tó padà délé, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹun. Ká ní àdúgbò wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ìyá tó wà ní yàrá kejì á ti sọ fún gbogbo ilé pé ojú ò ti ọkùnrin yẹn rárá. Àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì gan-an bi í léèrè, torí ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn. Ó ní nígbà tí ọmọ wà láàyè, òun ń bẹ̀bẹ̀. Ó ti wá kú báyìí, kí ni ààwẹ̀ tún fẹ́ ṣe? Nátánì ti sọ fún un pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Dáfídì gba Nátánì gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbé òkèlè.

Ẹnì kan á ní Dáfídì ọba ni, tirẹ̀ yàtọ̀. Ó dáa, Pétérù àti Júdásì ńkọ́? Òru kan náà ni àwọn méjèèjì da Olúwa wọn. Ọkàn àwọn méjèèjì ló sì bà jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ là ń gbé sórí òṣùwọ̀n, Júdásì ì bá borí: ó jẹ́wọ́ lójú àwọn olórí àlùfáà àti àwọn àgbààgbà, ó sì dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà, kò ku ẹyọ kan. Pétérù kàn bọ́ síta lọ sunkún ni. Àmọ́ Júdásì gbé ẹ̀bi tirẹ̀ tọ àwọn àlùfáà tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ lọ, àwọn yẹn sì ní èwo ló kan àwọn níbẹ̀. Kò padà sọ́dọ̀ Ẹni tó ṣẹ̀. Pétérù dúró títí Olúwa fi wá bá a létí òkun, níbi tí iná èédú ti ń jó tí ẹja sì wà lórí rẹ̀. Jésù ò ní kó wá ṣàlàyé ohun tó sọ lágbàlá olórí àlùfáà. Ó ní kí wọ́n wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù. Wọ́n ta àbúrò wọn sóko ẹrú. Ìyàn lé wọn dé Íjíbítì, wọ́n bá a lórí oyè, ó dì mọ́ wọn, ó fẹnu kò wọ́n lẹ́nu, ó fún wọn ní ilẹ̀ Góṣénì, ó ń bọ́ wọn. Bàbá wọn lo ọdún 17 ní Íjíbítì kó tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá tán, àyà àwọn ẹ̀gbọ́n já. Wọ́n ní ọjọ́ ẹ̀san dé wàyí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Jósẹ́fù pé bàbá ti sọ kó tó kú pé kó dárí jì wọ́n. Ẹ bá mi ro ọdún 17 yẹn wò. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, orí ilẹ̀ tó fún wọn ni wọ́n ń sùn sí, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ náà dé etí Jósẹ́fù, ẹkún ló sun. Ẹni tó dárí jini ló sunkún, torí àwọn tó ti dárí jì kò gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń fi àdúrà òwúrọ̀ kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ọdún 1998, kó mọ ẹni tó ń bà lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ òní ní ìjẹ́wọ́ tirẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn; Olúwa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ká máa tọrọ ìdáríjì. Ti àtijọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú wa níbí, mọ̀ pé bí jọ́ọ̀bù kan bá ṣì máa padà wá, wọn a fi gọ́ọ̀mù pa pureètì rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọn a gbé e ti ògiri. Èyí tí wọn ò nílò mọ́, àwọn tó ń ra àlòkù irin ni wọ́n ń tà á fún, wọ́n á sì lọ yọ́ ọ. Ọlọ́run ti fi pureètì tìrẹ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ lo jókòó tì tí ò ń kà.

Ta wá ni ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe lóore? Àwa ará Ṣómólú ló yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ pósítà tó ń tàn án kálẹ̀. Láti Bajulaiye wọ àwọn òpópónà tó yí i ká, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù ló ń jí wa, òórùn íńkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ rólà ló ń bá wa sùn, rìímù bébà lórí ọmọlanke sì lè dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Kàlẹ́ńdà ní àsìkò tirẹ̀, ìwé ìdánwò ní tirẹ̀. Pósítà ìsọjí ni kò ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní òjò. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀: ogun ìdílé, ègún ìran, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe tó ń lépa ògo. Ẹ dé ibi ìsọjí náà, òróró wà ńbẹ̀, àpòòwé ọrẹ wà ńbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ bá tán kò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀bi náà kò gbọdọ̀ tán. Òwò náà ti pẹ́. Ní Mainz lórílẹ̀-èdè Jámánì, ìwé ìdáríjì tí ìjọ ń tà fún àwọn èèyàn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Gutenberg tẹ̀, ní 1454, kí odidi Bíbélì rẹ̀ tó jáde.

Ti ègún ìran yẹn kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. Ìsíkíẹ́lì orí 18 ti wọ́gi lé òwe àwọn tó ń di ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ru ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí òwe náà máa ṣiṣẹ́ lọ, kó bá Ìsíkíẹ́lì jà.

Àmọ́ mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Gbogbo wa la mọ obìnrin tó ṣẹ́yún nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, tó ti wá lọ́kọ báyìí, tí ọmọ ò tíì dé. Wọ́n ti sọ fún un pé oyún yẹn ló ń jà. Ó ti gbààwẹ̀ gbẹ, ó ti sùn lórí òkè, ó ti jẹ́wọ́ fún wòlíì mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́ lè fa àrùn tó ń dí ọ̀nà ilé ọmọ, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ dókítà sì ni. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ gan-an ni ìṣòro wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní kí tọkọtaya jọ wá ṣàyẹ̀wò. Ọdún tí obìnrin náà ń lò lórí ẹní àdúrà ìtúsílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ò dúró dè é. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù bi í pé ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, òun tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn wòlíì wa ka ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀bi mìíràn sì wà tí kì í gbọ́ Bíbélì, tí kì í gbọ́ àlàyé. Ènìyàn á ti gbà pé Ọlọ́run dárí ji òun, síbẹ̀ kò ní lè sùn, oúnjẹ ò ní wọlé, á máa rò pé ó sàn kí òun má sí láyé. Àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà ti wà níbẹ̀ láti 1907, kò jìnnà sí wa. Mo mọ̀ pé tí a bá ti ní ẹnì kan jẹ́ "Yábà Lẹ́ẹ̀fùtì", ẹ̀rín la fi ń rín. Ẹ fi ẹ̀rín yẹn sílẹ̀, kí ẹ bá ẹni náà wọ ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi bọ̀ láti òkè, tẹ́ ẹ ní ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé mọ́, ẹ jẹ́ kó kàn yín báyìí.

Oníbàárà kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìtẹ̀wé. Ó san owó àsansílẹ̀, ₦50,000. Owó náà bá gbèsè bébà tó wà nílẹ̀ lọ. Òkú wọlẹ̀, ìwé ò jáde. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ti bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà oníbàárà, ó sì wà ní iwájú pátápátá lóru ọjọ́ Ẹtì, ó ń sunkún pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun. Irú èyí kì í ṣe tuntun ní àdúgbò wa. Ẹ ò rí i pé ẹkún náà rọrùn fún un ju owó lọ? Bó bá ti sunkún tán, ara á fúyẹ́ díẹ̀, á sì máa lọ títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Òfin Mósè ò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sunkún. Ó ní kó dá owó padà, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, kó sì san án lọ́jọ́ tó bá ń mú ẹbọ wá. Ẹ tún wo Sákéù agbowó orí. Lúùkù ò sọ pé ó sunkún. Ayọ̀ ló fi gba Jésù sílé, inú ayọ̀ yẹn ló sì ti ní òun máa san owó tí òun fi èrú gbà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò jìnnà sí wa níbí, ní Yunifásítì Èkó, ni W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì tó di Deeper Life ní 1973. Ẹnikẹ́ni lè ní ohun tó fẹ́ bá ìjọ yẹn jiyàn lé lórí, àmọ́ wọn ò yé kọ́ ọmọ ìjọ pé kó dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà fún olóhun. Ibẹ̀ yẹn, wọ́n jàre.

Ìrònúpìwàdà tó ṣe nǹkan, tó sì parí síbẹ̀, náà la rí ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì rí. Àwọn èèyàn kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kó eérú rẹ̀ sílé, kí wọ́n lè máa wò ó láràárọ̀.

Ẹni tó kàwé á bi mí nípa Martin Luther, torí gbólóhùn tó fi ṣáájú nínú 95 tó kọ ní Wittenberg ní 1517 ni pé gbogbo ayé onígbàgbọ́ ló yẹ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn tó ń ta ìwé ìdáríjì ló ń bá wí. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí nígbà tó jẹ́ mọ́ńkì, títí ó fi sú Johann von Staupitz, olùdámọ̀ràn rẹ̀. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù ló tú u sílẹ̀, lẹ́tà kan náà tó wà lára ohun tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọdún kí odidi Bíbélì tó jáde ní 1884. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ wa.

Inú lẹ́tà yẹn náà ni Pọ́ọ̀lù ti dá àwọn tó ní bí a bá sọ pé ẹ̀bi ti tán, àwọn èèyàn á máa dẹ́ṣẹ̀ lọ lóhùn. Èmi fi kún un pé ẹ wo ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé yẹn. Ẹ̀bi ló ń lé e sá fún oníbàárà. Ká ní ó gbà pé Ọlọ́run ti gba òun ni, ì bá ti ní ojú tó lè fi wo ọmọ olókùú.

Ìsìn àìsùn á tún wà lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọ tí owó oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ, ṣí nọ́ńbà rẹ̀ padà lálẹ́ òní, pè é, sọ iye tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí ìyókù máa dé. Kí o san án kí o tó lọ kọrin. Ìwọ tí kò sí owó ẹnikẹ́ni lọ́rùn rẹ, tó jẹ́ pé ti ọdún 1998 lo tún fẹ́ lọ kà fún Ọlọ́run, má lọ. Jẹun, kí o sùn.