Ìdánwò Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ èdè àti àṣà ni a sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú èdè náà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò dá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí, n kò sì ní fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Inú mi kò dùn, n ó sì sọ ohun tí ó fà á.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní overclock. Ní Yorùbá, a lè pè é ní ìsáré àfikún: kí a mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tàbí mẹ́mórì rẹ̀, tàbí káàdì àwòrán rẹ̀, kí a ní kí ó máa sáré ju ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sí i lọ. N kò bá ẹni tí ó ń ṣe é jà. Owó kò sí nílẹ̀ tí a ó fi máa ra ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá lè mú kí èyí tí ó ní yá sí i, kí ó ṣe é. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tí wọ́n ń ṣe é tán, tí wọn yóò ṣí ètò aláwọ̀ mèremère kan, tí wọn yóò wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọn yóò sì kéde pé, "Ara rẹ̀ le."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo gba ohùn bàbá ọlọ́dẹ kan sílẹ̀, ìjálá tí ó sun fún wákàtí mẹ́rin. Bàbá náà ti relé báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá mi fi ìsáré kún mẹ́mórì ẹ̀rọ mi, kí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ohùn lè yá. Ó dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kò kú, kò sì dákú. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí wàhálà mọ́." Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo di gbogbo fáìlì ohùn náà pọ̀ sínú fáìlì zip kan, mo dà á kọ sórí dísìkì kejì, mo sì nu káàdì inú agbohùnsílẹ̀ mi kí n lè tún un lò. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo fẹ́ tú fáìlì náà, ẹ̀rọ ní ó ti bàjẹ́. Ẹ̀dà kejì náà bàjẹ́, nítorí láti ara èyí tí ó bàjẹ́ ni mo ti dà á kọ. Nínú wákàtí mẹ́rin, ohun tí mo rí gbà padà kò pé wákàtí kan àbọ̀. Mo fi Memtest86+ yẹ mẹ́mórì náà wò ní òru ọjọ́ kan. Kí ó tó pé wákàtí méjì, àṣìṣe ti ń yọ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n kò sẹ́: mo yẹ kí n tú fáìlì náà wò kí n tó nu káàdì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò kú rí ní gbogbo oṣù méjì yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí kọ̀ǹpútà kò bá ti dákú, ara rẹ̀ le nìyẹn. Irọ́ ni. Bí ìsáré bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé òdo kan ṣoṣo ni yóò di ení nínú ẹgbàágbèje. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè wa yóò tètè lóye èyí. Bí àmì ohùn kan bá yẹ̀, ọkọ di ọkọ́, ọkọ́ di ọkọ̀. Gbólóhùn náà kò dákú, ó ń lọ geerege, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣìṣe láìdákú ṣe rí, ó sì burú ju èyí tí ó kú lójú ẹni lọ, nítorí ẹni tí ó kú kò lè tún purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ bi ètò ìdánwò ni pé: ṣé ìwọ mọ ìdáhùn ìbéèrè tí o ń bi ẹ̀rọ? Ọ̀pọ̀ ètò wà tí wọn kò mọ ju kí wọ́n mú ẹ̀rọ gbóná lọ. Prime95 kò rí bẹ́ẹ̀. George Woltman ni ó dá ẹgbẹ́ GIMPS sílẹ̀ ní ọdún 1996, láti máa wá irú àwọn nọ́ńbà kan tí kò sí ohun tí ó lè pín wọn àfi 1 àti ara wọn. Ìṣirò nọ́ńbà kan lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àṣìṣe kan sì lè sọ gbogbo rẹ̀ di asán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ìdánwò ìfìyàjẹ sínú Prime95: ó ń fún ẹ̀rọ ní ìṣirò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ó sì ń fi èsì wé ìdáhùn náà. Bí ó bá yàtọ̀, ó dá iṣẹ́ dúró, ó sì sọ ọ́ jáde, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti tú àṣírí àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ pàápàá rí. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Lynchburg College ní Amẹ́ríkà, rí i pé Pentium ti Intel ń pín nọ́ńbà ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ náà ná Intel ní mílíọ̀nù 475 dọ́là. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, Intel tún gbà pé Skylake lè gan pa lẹ́nu irú ìṣirò kan tí Prime95 ń ṣe, wọ́n sì ṣe àtúnṣe. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò lè lé irọ́ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹni tí ó rán an kò bá fún un láyè láti rìn.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn alátakò mi. Wọ́n ní Prime95 le jù, pé kò sí iṣẹ́ gidi tí ó ń mú ẹ̀rọ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún wọn níbì kan. Ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Small FFTs ń mú ọpọlọ ẹ̀rọ gbóná ju iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ, bí FurMark ṣe ń ṣe fún káàdì àwòrán, kò sì yẹ kí a tan wọ́n sílẹ̀ kí a lọ sùn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fi rọ́pò rẹ̀? Géèmù tí ẹ gbá fún wákàtí kan? Géèmù kì í yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò. Bí àwọ̀ kan bá ṣì, ta ni yóò mọ̀? Òmíràn sì wà: ẹ̀rọ tí a dín iná rẹ̀ kù lè fara da iṣẹ́ líle, kí ó sì ṣubú nígbà tí ó ń sinmi, nítorí pé ìsáré àti iná rẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́. Ìdánwò kan ṣoṣo kò tó. Èyí kò sọ pé kí a má ṣe èyí tí ó le. Ohun tí ó sọ ni pé kí a fi òmíràn kún un.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ ni ó kàn. Adánniwò yàtọ̀ sí aṣọ́nà. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ètò tí ó ń dá ẹ̀rọ lóró nìkan kọ́ ni a ó gbẹ́kẹ̀ lé láti sọ fún wa bí ẹ̀rọ ti ń jìyà tó. HWiNFO ń fi ìwọ̀n ooru tí ó kéré jù, èyí tí ó ga jù àti ìpíndọ́gba hàn, ó sì lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì. Ẹni tí ó ń lo Linux ní lm-sensors. Ọ̀kan ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan: bí aṣọ́nà méjì bá ń du sẹ́ńsọ̀ kan náà, nọ́ńbà lè dàrú.

Ẹ rí i pé ètò náà mọ ẹ̀rọ yín. Nígbà tí Ryzen 7 1800X ti AMD jáde ní ọdún 2017, nọ́ńbà ooru tí ó ń gbé jáde fi 20°C ju ooru gidi lọ. Ètò tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba olówó ẹ̀rọ lásán. Ètò tí ẹni tí ó ṣe é kò tún ṣe mọ́ kò lè mọ ohun tí a ṣe lánàá. Àwọn ètò wọ̀nyí sì máa ń wọ inú ẹ̀rọ lọ jìnnà kí wọ́n tó lè ka sẹ́ńsọ̀. Ní ọdún 2025, Microsoft Defender bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ètò tí wọ́n ń lo WinRing0 dúró, nítorí àléébù tí ọ̀bàyéjẹ́ lè gbà wọlé. Ta ni yóò wá gba ètò olówó tí wọ́n jí, tí a kò mọ ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, tí yóò sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé? Prime95 àti Memtest86+ jẹ́ ọ̀fẹ́. HWiNFO náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò fi ṣòwò. Kí ni a ń jalè sí?

Ẹ má sì ya nọ́ńbà àwọn aláwọ̀ funfun lò bí ó ti wà. Bí yàrá bá fi 10°C gbóná sí i, ọpọlọ ẹ̀rọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí ó dé 80°C nínú yàrá tí ó jẹ́ 21°C yóò súnmọ́ 92°C nínú yàrá wa tí ó jẹ́ 33°C. Ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ dán ẹ̀rọ wò. Àárọ̀ ọyẹ́ kò lè jẹ́rìí fún oṣù kẹta.

Nítorí náà, bí a ó ti ṣe é nìyí. Memtest86+ ni kí ó ṣáájú, láti alẹ́ dòwúrọ̀. Láti orí fúláṣì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí Windows, nítorí náà ó ń dé ibi tí Windows ìbá dì mú nínú mẹ́mórì, àṣìṣe kò sì ní ráyè ba fáìlì yín jẹ́. Lẹ́yìn èyí, Prime95 ní ẹ̀yà Blend fún wákàtí púpọ̀, kí HWiNFO máa ṣọ́ ọ. Kí ẹ wá ṣí Event Viewer ti Windows, kí ẹ wá orúkọ WHEA nínú rẹ̀: níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń jẹ́wọ́ àwọn àṣìṣe tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Kí ẹ sì máa pa dà wò ó lóṣooṣù. Ní oṣù keje ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé iná tí ó ga jù ń ba àwọn kan jẹ́ nínú ọpọlọ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀, títí kan ti àwọn tí kò fi ìsáré kún un. Ohun tí ó yege lónìí lè kùnà lọ́dún tí ń bọ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òru kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ sọ fún un pé ẹ kò tíì dán an wò. Ẹ má sọ pé ó ti dáa. Ìjálá tí mo pàdánù, kò sí ẹni tí yóò tún un sun fún mi mọ́.