Ẹni tí Ogun Lé Dé Ẹnu-Ọ̀nà Wa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Masífà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó, a ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. A gbọ́ nípa àwọn ará Kamẹrúùnù tí wọ́n ti ń sá wọ Ìpínlẹ̀ Cross River láti ọdún 2017, nítorí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọba wọn àti àwọn tí ń fẹ́ ya ẹkùn elédè Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wa pòṣé, ó ní, "Kí wọ́n padà sílé wọn! Ta ni yóò máa bọ́ wọn?" Àwọn ìyókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í sọ, n kò sì ní torí ọ̀rẹ́ gbé òtítọ́ mì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ni ó ní ọmọ ní Abidjan? Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò lọ síbẹ̀. Owó tí a rí nílẹ̀ àjèjì ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí a fi ń yangàn. Ẹni tí ilẹ̀ àjèjì bọ́, báwo ni yóò ṣe di ẹni tí ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò?

Wọ́n dá mi lóhùn pé òwò ni àwọn tiwa bá lọ, wọn kò sá lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òòjọ́ kan ti tó láti sọ oníṣòwò di asásálà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Gánà, a sì sọ àpò tí wọ́n di ẹrù sí ní "Ghana-Must-Go", bí ẹni pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ogun dé Côte d'Ivoire ní ọdún 2002, tí òmíràn sì tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, àwọn ọmọ wa kan tún sá wálé.

Wọ́n sá wálé! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àwọn tiwa rí ilé sá sí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ ní kí wọ́n padà yìí, ilé wọn ni iná ti ń jó. Ìdí nìyí tí àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 fi ka lílé irú wọn padà sínú ewu léèwọ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Addis Ababa ní ọdún 1969 sì dárúkọ ẹni tí ogun lé ní ìlú rẹ̀. Nàìjíríà wà nínú méjèèjì.

Wọ́n ní ọ̀daràn lè wà láàrin wọn. Kí ìjọba yẹ̀ wọ́n wò; ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kò sọ ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n di olè.

Ta ni yóò bọ́ wọn? Ẹ wo Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ni Ṣódẹkẹ́ kó dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Láìpẹ́, àwọn Òwu tí ogun fọ́ ìlú wọn wá bá wọn, wọ́n sì fún wọn láyè. Asásálà gba asásálà, ìlú ńlá sì ti ibẹ̀ jáde. Ní Cross River pẹ̀lú, àwọn ará abúlé tí kò lọ́rọ̀ gba ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sá wá sínú ilé wọn. Àwa tí a yó ni a ń pòṣé!

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọ àjèjì bá wọ kíláàsì yín lọ́la, tí kò gbọ́ èdè yín, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Bí àgbà bá sì ń fi irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín lójú yín, ẹ má ṣe bá a rín in, ìbáà ṣe bàbá yín. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.