Ta Ló Ń Ba Ọ̀sà Jẹ́? Èsì fún Àwọn Tí Ó Fẹ́ Lé Ará Màkókó

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó débi pé àti olówó àti mẹ̀kúnnù ni ó ń sọ ọ́ láìbéèrè ẹ̀rí, pàápàá láàárín àwọn tí ó ń gba orí Afárá Third Mainland kọjá láràárọ̀: pé àtòhúnrìnwá àná ni àwọn tí ó kọ́lé sórí omi ní Màkókó, pé àwọn ni ó ń ba ọ̀sà jẹ́, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ ni etí omi Yábàá yóò di ibi ìgbafẹ́ tí àlejò lè wá wò. Èrò yìí kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe lásán, nítorí àwáwí ni ó ń pèsè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn Ègùn, ẹ̀yà apẹja tí ilẹ̀ wọn nà láti Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè Benin, ni ó tẹ Màkókó dó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Ìlàjẹ sì wá bá wọn níbẹ̀. Nínú sẹ́ńtúrì yẹn kan náà, lọ́dún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ibẹ̀ sì di Àgọ́ Ẹ̀gbá. Ọ̀pọ̀ ìdílé Sùúrùlérè pàápàá, láti àárín àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti kó wọn wá láti Erékùsù Èkó. Màkókó ti wà kí Yunifásítì Èkó tó dé lọ́dún 1962, kí wọ́n sì tó parí Afárá Third Mainland lọ́dún 1990. Kò sí ẹni tí ó ń pe ọmọ Àgọ́ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Sùúrùlérè ní àtòhúnrìnwá. Ohun tí ó sọ àwọn kan di onílé tí ó sì sọ Ègùn di àlejò kì í ṣe ọjọ́ tí oníkálukú dé, ìwé ilẹ̀ ni.

Ọ̀sà, ìyẹn omi fífẹ̀ tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sí àárín òun àti òkun, kò jìn níhà Yábàá. Ọ̀pá tí atukọ̀ fi ń ti ọkọ̀ ń kan ilẹ̀ níbi púpọ̀. Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń da omi dídùn sínú rẹ̀ nígbà òjò, iyọ̀ òkun ń wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyípadà yìí sì ni ó ń mú oríṣìíríṣìí ẹja wá. Ẹni tí ó ń jẹun lára irú omi bẹ́ẹ̀ kì í dí i: ó ri igi mọ́lẹ̀, ó tẹ́ pákó lé e, omi sì ń gba abẹ́ ilé rẹ̀ kọjá. Àwọn tí ó ń sọ ọ̀sà di kékeré ni àwọn tí ó ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ omi di ilẹ̀ títà, bí wọ́n ti ṣe ní Banana Island tí wọ́n sì tún ṣe ní Òwòròǹsòkí. Òótọ́ ni pé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sínú omi ní Màkókó, kò sì yẹ kí àánú mú ẹnikẹ́ni bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ti ara rẹ̀ ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti epo ẹ́ńjìnnì tí kánáà ń gbé dé ọ̀sà, ìgboro ni wọ́n ti wá, lọ́wọ́ àwọn tí ó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àṣà tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Mainland mọ̀ dáadáa.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Ganvié, ìlú orí omi tí àwọn Tofinu, ìbátan Ègùn, tẹ̀ dó sórí adágún Nokoué nítòsí Kùtọnù láti sá fún àwọn akónilẹ́rú Dàhọ̀mì. Lọ́dún 1996, orílẹ̀-èdè Benin fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé. Ará Èkó a sọdá ààlà Sẹ̀mẹ̀, a sanwó ọkọ̀, a ya fọ́tò ilé tí ó dúró lórí igi, a sì padà wá máa yin ẹwà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba orí afárá kọjá lẹ́bàá irú ilé kan náà, gíláàsì mọ́tò ni ó ń yí sókè. Ìjọba kan gbà pé ìlú ni tirẹ̀, èkejì ka tirẹ̀ sí ìdọ̀tí.

Àwọn kan tún ní kò sí ohun tí Màkókó ń fún Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ibẹ̀ ni ó ń yan ọ̀pọ̀ nínú ẹja tí ń wọ ọjà Mainland.

Lílé ará etí omi kò ṣàjèjì ní Èkó. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò, níbi tí àwọn ènìyàn tí wọ́n sábà ń kà sí 300,000 ń gbé, wọ́n ní omi ń bo ibẹ̀, ìdọ̀tí sì pọ̀. Omi yẹn kò dí àwọn tí ó wá kọ́ ilé ńlá síbẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2012, wákàtí 72 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún ará Màkókó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé wọn. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àlejò wá sí etí omi Yábàá, ọkọ̀ tí yóò máa kó ìdọ̀tí lórí omi ni kí ó pèsè, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í tú sínú ọ̀sà, àti èbúté tí ó mọ́. Àwọn atukọ̀ tí yóò mú àlejò yíká ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.