Iyùn Tó Wà Láàyè Nísàlẹ̀ Òkun Gánà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tó bá ti rí òkun, kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló ti rí òkun tán? Ẹni tó bá dúró létíkun Jamestown ní Accra, tó ń wo àwọn apẹja Gà bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ wọn bọ omi, orí òkun lásán ló rí. Àwọn apẹja náà pàápàá, tí wọ́n mọ òkun débi pé wọn kì í pẹja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí omi lè sinmi, ibi tí àwọ̀n wọn bá dé ni wọ́n lè jẹ́rìí sí.

Lọ́dún 2012, ọkọ̀ ojú omi ìwádìí kan tó ń jẹ́ Dr. Fridtjof Nansen wà lápá ìwọ̀-oòrùn òkun Gánà. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ló fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́wọ́, àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ń ta. Wọ́n sọ ẹ̀rọ tó ń ya fíìmù kalẹ̀ sínú omi, ó wọlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 400. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni èèyàn ìbá máa retí níbẹ̀. Àṣé òkìtì iyùn ló wà níbẹ̀, tó gùn ju mítà 1,000 lọ, tí àwọn ẹ̀dá omi mìíràn sì fi ṣe ilé. Lophelia ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ iyùn, ọrùn ọba àti ọwọ́ ìyàwó ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta rárá. Eegun tí àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ inú òkun kọ́ fún ara wọn ni. Ti Gánà yìí kì í ṣe irú pupa tí wọ́n ń sín sọ́rùn, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Kò nílò oòrùn láti dàgbà. Oúnjẹ tí omi bá gbé kọjá ló ń nawọ́ mú. Mìlímítà díẹ̀ ló sì fi ń ga lọ́dún kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni irú òkìtì ńlá bẹ́ẹ̀ ń gbà kó tó dìde.

Kí ló dé tí ojú ọmọ ènìyàn kò fi tètè rí i? Bí omi bá ti jìn ju mítà 200 lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń tán lọ. Ní mítà 1,000, òkùnkùn biribiri ni, ìwúwo omi níbẹ̀ á sì tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara wa lórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní èèyàn nínú, tó gbé iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán dání, tí wáyà so mọ́ ọkọ̀, ló ń lọ bá èèyàn wò ó.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn awapo. Lọ́dún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo BP ń ṣiṣẹ́ lókun Àǹgólà nígbà tí ẹ̀rọ wọn ya ẹ̀dá kan ní nǹkan bíi mítà 1,200, tó rí jọ sùpàgẹ́tì tó ń léfòó. Wọ́n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀ ní Southampton, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Bathyphysa conifera ni. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ púpọ̀ tó so pọ̀ di ara kan ṣoṣo ni.

Ní Gánà, ọdún 2007 ni wọ́n rí epo Jubilee, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́dún 2010, nínú omi tó jìn ju mítà 1,000 lọ. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ bá rí kò yẹ kó parí sínú àpótí ilé-iṣẹ́ epo. Ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ òkun ní Yunifásítì Legon, kó sì dé iwájú àwọn ọmọ iléèwé.

Àwòrán wíwò kì í ṣe eré lásán. Ní Nọ́wè, àwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ìpẹja ń wọ́ nílẹ̀ òkun ti fọ́ Lophelia púpọ̀ kí wọ́n tó ṣòfin lọ́dún 1999 pé kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n gbọ́n. Gánà ní àǹfààní láti gbọ́n ṣáájú, Nàìjíríà náà kò sì gbọdọ̀ sùn, nítorí òkun tó ń fọ ẹsẹ̀ Accra náà ló ń fọ ẹsẹ̀ Èkó. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀n ló máa kọ́kọ́ sọ fúnni pé iyùn wà nísàlẹ̀, òkú rẹ̀ ni yóò gbé wá sókè.