Ìwé Àárọ̀ Wà, Ti Alẹ́ Ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ ní Ṣúrùlérè àti Muṣin, ìwé kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó wọlé: orúkọ, aago tó dé, ìbuwọ́lù. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n á fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí oṣù bá parí, owó rẹ̀ á dín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó yẹ kí wọ́n kọ aago tó kúrò sí. Òfìfo ni. Aago mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn ń ṣíwọ́, ó di mẹ́jọ ààbọ̀ kí wọ́n tó ti géètì, kò sì sẹ́ni tó kọ wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn síbì kankan.

Ófátáìmù nìyẹn. Abala 13 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: wákàtí tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe kọjá iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ófátáìmù ni. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí kan, ó kéré tán, kó sì ní odidi ọjọ́ kan láti sinmi lọ́sẹ̀. Abala 5 kọ̀ fún ọ̀gá láti yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù; báírò pupa yẹn gan-an lòdì sófin.

Ibi tí òfin náà ti já wá kulẹ̀ ni pé kò dárúkọ iye tí ófátáìmù jẹ́. Iye wákàtí òòjọ́ pàápàá, ó fi sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà. Ní Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, 40 wákàtí lọ́sẹ̀ ló wà nínú òfin. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1938 sọ owó ófátáìmù di ìlọ́po kan ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024. Ẹni tó ń fi wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, gba owó yìí, wákàtí rẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi ₦336 lọ. Tó bá wá ń ṣe wákàtí 12 bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ₦35,000 ló ń fi ta ọ̀gá lọ́rẹ lóṣooṣù. Owó dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lóru, àpò ara rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ará Mainland. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, iléeṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní wákàtí ni òun ó máa fi ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́. Inú ìjà yẹn ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ti jáde. Lọ́dún 1941, Michael Imoudu ṣáájú wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bourdillon ní Erékùṣù. Nígbà yẹn, ọ̀gá ń ka wákàtí kí owó òṣìṣẹ́ má baà pọ̀. Lónìí, wọn ò kà á mọ́, nítorí ohun kan náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ́jú ní Yábàá tún wà. Òfin Iṣẹ́ yọ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti alábòójútó sílẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni wọ́n rí dì mú. Ní ti àwọn yòókù, abala 7 ní kí ọ̀gá kọ wákàtí iṣẹ́ àti owó rẹ̀ sínú ìwé fún wọn kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti béèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tá a bá kọjá aago mẹ́fà ńkọ́?”

Àwọn ọ̀gá á ní dísù ti wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń ta dísù kì í fi ta wọ́n lọ́rẹ nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀gá tí agbára rẹ̀ ò ká owó alẹ́, kó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá ló lè fi iye sí i. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa kọ aago tí ẹ kúrò níbi iṣẹ́ sílẹ̀ lálaalẹ́, torí ẹni tó ní wọ́n jẹ òun lówó ni ilé ẹjọ́ ń bi ní ẹ̀rí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ aago tí wọ́n kúrò sínú ìwé ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ sì sanwó rẹ̀.