Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè Japan ló lè ṣe ògbufọ̀

Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Hausa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwa tá a ti pẹ́ ní Kánò mọ̀ pé Hausa tá a fi ń nájà yàtọ̀ sí Hausa kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Japan rí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn.

Ògbufọ̀ tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kò ní ọ̀gá tó máa dúró fún un. Ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. N1 ló ga jù nínú ìdánwò JLPT, àmọ́ ìdánwò yẹn kì í dán ọ̀rọ̀ sísọ wò. Ẹ béèrè bóyá ó ti ṣe irú iṣẹ́ yín rí. Ẹ fi ìwé ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i ṣáájú ìpàdé.

Bí ará Japan bá ní "kentō shimasu", ìyẹn "a máa gbé e yẹ̀ wò", ó lè jẹ́ pé ó ń fi ọgbọ́n kọ̀ ni. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ á ta yín lólobó. Aláìmọṣẹ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ máa retí.

Lójú tiwa, ẹ má torí owó mú ẹni tó pọ́kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti fọ́, kò ṣeé kó jọ mọ́.