Wàrà sóyà ò bá blueberry tan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń dùn mí tipẹ́.

Àǹtí kan tó ń ta wàrà sóyà ní kí n wá bá àwọn ya fọ́tò ọjà àwọn. Wọ́n ti fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́: abọ́ funfun, blueberry, píà tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń ta blueberry ni?" Wọ́n ní rárá, pé ó kàn "classy" ni.

Classy báwo? Àkàrà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì, ṣebí ẹ̀wà ni gbogbo ẹ̀? A ti ń jẹ plant-based kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Lójú tèmi, ata díndín ni wàrà ń fẹ́. Mo gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ara wàrà tó ti dín gbẹ yẹn lè hàn dáadáa. Ẹ̀fọ́ ni mo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Mo kàn rì í sómi gbígbóná díẹ̀, mo sọ ọ́ sómi tútù kíá kí àwọ̀ ẹ̀ má bàa pa dà. Ata ńkọ́? Ó dìgbà tí kámẹ́rà bá ti wà ní sẹpẹ́ kí n tó bù ú sí i, torí tó bá pẹ́, òróró á yọ, á gba gbogbo abọ́.

Mo ya méjèèjì. Ti blueberry ni wọ́n gbé síta. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀ bèèrè pé, "Èló ni kéèkì yìí?"

Balance mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn o.